Bàbá mi ń gbọ́ gángan, wọn ò gbọ́ ohùn wa. Ṣé ká ra ẹ̀rọ etí fún wọn?

Ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀jọ́ọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Bàbá mi ti pé ọdún 72. Ọdún 31 ni wọ́n fi la gẹdú ní sọ́míìlì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí mo bá gbé oúnjẹ lọ fún wọn, láti ẹ̀bá títì ni màá ti máa gbọ́ ariwo ayùn yẹn. Bí ó bá ti wọ inú igi báyìí, àyà mi á máa gbọ̀n. Kò sẹ́ni tó ń fi nǹkan dí etí níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Bàbá mi náà á kàn nawọ́ sí abẹ́ igi máńgòrò kan, èmi á sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni kí n gbé abọ́ sí.

Ó tó ọdún márùn-ún báyìí tí a ti kọ́kọ́ fura. Rédíò ló tú àṣírí. Ìròyìn àárọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ nínú yàrá, ará ilé kejì ń bá wa gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni "kí lo wí?" bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tó yá, wọn ò béèrè mọ́. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á mi orí, ẹ ó sì mọ̀ pé wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ìpàdé àwọn onílé àdúgbò tí wọ́n ti ṣe akápò fún ọdún mẹ́jọ, wọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti màmá mi jókòó ní pálọ̀, à ń sọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń bọ̀ wálé, pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bàbá mi gbójú sókè. Wọ́n ní, "Ọ̀tẹ̀ wo? Ta lẹ ń dìtẹ̀ mọ́?" Mo ní, "Bàbá, ọ̀sẹ̀ ni mo wí." Mo tún un wí. Mo pariwo. Bí mo ṣe ń pariwo sí i ni ojú wọn ń le sí i. Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá, wọn ò jẹun alẹ́. Màmá mi sunkún lóru ọjọ́ yẹn.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, a lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ àbúrò wọn. Mo jókòó tì wọ́n, mo ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká bọ́ sí ibòji, wọn ò gbọ́. Àyàn kan wá wà lẹ́yìn wa lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ilẹ̀kùn gbọ̀ngán, ó fi gángan pe oríkì ilé wọn. Kíá ni bàbá mi dìde! Wọ́n yíjú sí i, wọ́n ń fi ẹnu tẹ̀ lé e, gbólóhùn kan ò bọ́. Wọ́n lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí. Màmá mi wò mí, wọ́n ní, "Ṣé o ti rí i? Ohun tó bá wu bàbá yín ni wọ́n ń gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Bàbá mi kì í ṣe alágàbàgebè, n ò bá wọn mọ̀ ọ́n rí. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú èmi náà rí nìyẹn, n ò sì lè túmọ̀ rẹ̀.

A ti ra ẹ̀rọ kékeré kan lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìbòrí fóònù, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ etí. Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá mi lò ó. Wọ́n ní abọ́ tí a ń fọ̀ ní kíṣìnì ń dún bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń lu irin, ọ̀rọ̀ ẹnu wa sì wà bó ṣe wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á ra ojúlówó mú bọ̀. Ṣé kó rà á? Ṣé ẹ̀rọ tiẹ̀ lè ran irú etí yìí lọ́wọ́? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Aláàdí

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àǹtí. Àdí ni kẹ́ ẹ yọ́, kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa kán an sí wọn létí lálaalẹ́, kẹ́ ẹ wá fi ìyẹ́ adìyẹ ro ó. Ohun tí ìyá àgbà ṣe fún gbogbo wa nìyẹn. Ọlọ́run á ṣe é ní ìrọ̀rùn.

Awọntí Ìlọrin

Iṣẹ́ mi ni kí n máa wọn bí etí ènìyàn ṣe ń gbọ́ràn sí, ọdún kẹrìnlá rèé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kán ohunkóhun sí bàbá létí. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ẹni tó sọ̀rọ̀ àdí sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ìlù etí bá ti lu láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ibẹ̀ ni àdí á gbà wọlé, ó sì lè di egbò. Ìyẹ́ àti igi olówùú náà kì í kó ìdọ̀tí etí jáde tán, ńṣe ni wọ́n ń tì í wọlé, tó fi ń lọ dì gbagidi. Mo ti rí àgbàlagbà tó ti gbà pé òun ti di adití, tí a fa ìdọ̀tí jáde létí rẹ̀, tó sì ń gbọ́ràn kó tó dìde lórí àga.

Ọ̀rọ̀ gángan yẹn wá ni mo fẹ́ dúró lé, torí ohun tí màmá rí, òótọ́ ni wọ́n rí. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọn ò mọ̀.

Nínú etí lọ́hùn-ún, ohun kan wà tó ká bí ìkarahun ìgbín. Irun tín-tìn-tín tí ojú lásán ò lè rí ló wà nínú rẹ̀, àwọn ni wọ́n ń sọ ìró di ohun tí ọpọlọ lè gbà. Èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń gba ìró tẹ́ẹ́rẹ́, bí igbe ẹyẹ, bí s, f, ṣ, t, k nínú ọ̀rọ̀. Èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ń gba ìró tó kẹ̀, èyí tó nípọn, tó lọ sílẹ̀. Ariwo ayùn àti ọjọ́ orí, apá ẹnu ọ̀nà yẹn ni àwọn méjèèjì máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Irun tó bá sì ti kú níbẹ̀ kì í hù mọ́.

Ẹ wá wo èdè wa. Dò, re, mí tí à ń fi sọ Yorùbá, ìró tó kẹ̀ ni. Ìyẹn ṣì ń dé ọ̀dọ̀ bàbá. Kọ́ńsónáǹtì ni kò dé. Ọ̀sẹ̀, ọ̀tẹ̀: dò dò ni méjèèjì, fáwẹ̀lì kan náà ló wà nínú wọn. Ẹ yọ s àti t kúrò, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀yin náà á mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀fọ́ àti ẹ̀kọ́ ńkọ́? Fọlá àti Ṣọlá ńkọ́? Gángan kò ní kọ́ńsónáǹtì rárá. Ohùn nìkan ló fi ń sọ̀rọ̀, bàbá sì ti mọ oríkì yẹn láti ìgbà èwe. Ohun tí àyàn sọ dé etí wọn lódidi, ohun tí ẹ̀yin sọ dé ní ààbọ̀. Ohùn ń dé, ọ̀rọ̀ kò dé. Ẹ bá mi sọ ìyẹn fún màmá lónìí yìí, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la.

Ìdí nìyẹn tí pípariwo ò fi ṣiṣẹ́. Bí ènìyàn bá pariwo, fáwẹ̀lì ló ń tóbi sí i, s kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi. Ojú ẹni tó ń pariwo sì dà bí ojú oníjà. Bàbá rí ojú ìjà, wọ́n gbọ́ "ọ̀tẹ̀". Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹ gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun. Ní Ìbàdàn, ilé ìwòsàn UCH ní in, kò jìnnà sí yín. Dókítà á kọ́kọ́ tanná wo inú etí. Lẹ́yìn náà, bàbá á jókòó sínú yàrá tí ariwo kì í wọ̀, wọ́n á gbé ohun èlò bo etí, wọ́n á máa tẹ bọ́tìnnì nígbàkigbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró, bó ti wù kó kéré mọ. Láti 250 dé 8,000 hertz la sábà máa ń wọ̀n; hertz ló ń sọ bí ìró ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó, bó bá kéré, ìró kẹ̀ ni. Òdo pupa là ń kọ fún etí ọ̀tún, X aláwọ̀ búlúù fún ti òsì, bí àmì bá sì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ìwé ni ìgbọ́ràn ṣe ń dín kù. Lára àwọn tó ti ṣiṣẹ́ nídìí ariwo, mo sábà máa ń rí kòtò kan, ìyẹn ibi tí àmì ti já sísàlẹ̀, ní nǹkan bí 4,000. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ìró ṣe lágbára tó. Ẹni tó bá ń gbọ́ ìró tí kò tó 20 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí ẹni tí etí rẹ̀ dá ṣáká. Bó bá jẹ́ pé àfi kó tó 35 kó tó gbọ́, ó ti dé àárín. Láti 65 lọ, ó ti le.

Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń ṣètò ẹ̀rọ. Èyí tí ẹ rà lọ́dọ̀ oníbòrí fóònù ń gbé gbogbo ìró sókè pọ̀, ti abọ́ àti ti ẹnu yín. Ojúlówó á gbé ibi tó ti bàjẹ́ sókè, á fi ibi tó dára sílẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ̀gbọ́n yín má tíì ra nǹkan kan.

Ẹ kọ orúkọ gbogbo òògùn tí bàbá ti lò dání lọ, pàápàá abẹ́rẹ́ gentamicin tàbí streptomycin, torí wọ́n lè ba inú etí jẹ́. Ohun kan tún wà, kì í ṣe ti bàbá, fún gbogbo ẹni tó ń ka èyí ni: bí etí kan bá ṣàdédé di láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́ta, láìsí ìdí, ẹ má ní ẹ ó dúró wò ó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Tíṣà Àgbà

Ọmọ mi, mo kí ọ. Bí o ṣe dúró ti bàbá rẹ yìí, àwọn ọmọ tìrẹ náà á dúró tì ọ́.

Ẹ̀rọ méjì ni mo ń fi sétí láti 2016. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi í sí, tí mo jáde ní ọsibítù, mo ń gbọ́ ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì lẹ́yìn mi. Mo dúró. Mo wo ẹ̀yìn, kò sẹ́nì kankan. Bàtà ẹsẹ̀ mi ni. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tí mo ti gbọ́ ẹsẹ̀ ara mi kẹ́yìn, mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri kan, omi bọ́ lójú mi.

Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọjọ́ kan ni yóò yanjú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, mo wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Máíkírófóònù, dúrọ́ọ̀mù, ọmọdé tó ń ké, gbogbo rẹ̀ dà lù mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo yọ ọ́, mo sọ ọ́ sápò, mo ní mo ti fowó ṣòfò. Ìyàwó mi ló ní ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Wákàtí méjì lójúmọ́, èmi àti òun nìkan, rédíò pípa, a ó máa sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì, a fi rédíò kún un. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó lè lò ó láti àárọ̀ dalẹ́. Ọpọlọ tó ti gbàgbé ìró ni ẹ ń kọ́, ẹ má kánjú mọ́ ọn. Kí ẹ sì padà lọ bá ẹni tó ṣètò rẹ̀, kó tún un tò. Èmi padà lọ nígbà mẹ́rin.

Nípa bátìrì: àwọn kékeré roboto yẹn ní lílẹ̀ lẹ́yìn, olómi ọsàn ni nọ́ńbà 13, aláwọ̀ ilẹ̀ ni 312. Bí ẹ bá ṣí lílẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ, torí atẹ́gùn ló ń jí i. Tèmi máa ń lo nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ má fi í síbi tí ọwọ́ ọmọ kékeré lè dé láéláé. Ọmọ tó bá gbé e mì, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tó ń gba iná sára bíi fóònù, ṣùgbọ́n bí iná ṣe ń ṣe wá níbí, bátìrì ni mo yàn.

Òógùn ni ọ̀tá rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, pàápàá lásìkò òjò. Lálẹ́, mo máa ń ṣí ilé bátìrì rẹ̀ sílẹ̀, màá gbé e sínú ike olómorí pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó máa ń wà nínú páálí bàtà tuntun, èyí tó ń fa omi. Ike tó wọ inú etí gan-an, mo máa ń yọ ọ́ fọ̀ nínú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan omi. Bó bá ń súfèé, bóyá ike yẹn ò bá etí mu, tàbí ìdọ̀tí ti dí i.

Àwa Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà, fún bàbá rẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Kí ẹni tó bá fẹ́ bá wọn sọ̀rọ̀ wá síwájú wọn, kí iná tàn sí ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kó má jẹ ẹran, kó má fọwọ́ bo ẹnu. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá sì wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ yí i padà. S àti t jọra lójú bí wọ́n ṣe jọra létí. Bó o bá ti ní "oṣù kan àti ààbọ̀" lọ́jọ́ yẹn dípò "ọ̀sẹ̀ mẹ́fà", ìjà ì bá má ti sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú Peckham

Mo kàn fẹ́ sọ ti ẹ̀gbọ́n yín tó wà níbí. Ẹ̀rọ tí NHS, ètò ìlera ìjọba níbí, ń fún ènìyàn, ọ̀fẹ́ ni, bátìrì rẹ̀ náà ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n NHS ló ṣì ni ín, etí ẹni tó gbà á nìkan ni wọ́n sì tò ó fún. Kò ṣeé gbà fún bàbá nílé. Amẹ́ríkà ní tiwọn, láti oṣù kẹwàá 2022 ni wọ́n ti ń ta èyí tí kò nílò ìwé dókítà, fún àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ò tíì bàjẹ́ kọjá àárín. Ẹ ò tíì mọ ibi tí ti bàbá dé. Kó fi owó ránṣẹ́ fún àyẹ̀wò, kó wá ra bátìrì púpọ̀ mú bọ̀ nígbà tó bá ń bọ̀.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀jọ́ọ̀

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé, mo padà wá jábọ̀. Ẹ ṣeun, Ọlọ́run ò ní dójú tì yín.

Mo ka ọ̀rọ̀ Awọntí fún màmá mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Wọn ò wí nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, wọ́n dìde lọ bá bàbá mi nínú yàrá, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀.

A ti ṣàyẹ̀wò. Ìdọ̀tí wà ní etí òsì, wọ́n fà á jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọn méjèèjì. Ní 250, bàbá mi gbọ́ ọ ní 25. Ní 1,000, ó di 40. Ní 4,000, òdo pupa àti X búlúù méjèèjì já sí 75. Lóòótọ́, kòtò ni. Ẹni tó wọn etí gbé ìwé náà síwájú wọn, ó fi bírò tọ́ka sí i, ó ní, "Bàbá, ibí ni ayùn jẹ." Bàbá mi wò ó títí. Wọ́n wá béèrè ní ohùn jẹ́jẹ́, "Ṣé kì í ṣe pé orí mi ló ń dàrú?"

Ẹ̀yin ará, ọdún márùn-ún ni bàbá mi ti ń rò ó pé àwọn ti ń ya wèrè, wọn ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ìdí tí wọn ò fi lọ sí ìpàdé nìyẹn. Owó ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ń bẹ̀rù kí àwọn má lọ gbọ́ iye owó lódì. Wọ́n sọ ọ́ fún mi nínú mọ́tò nígbà tí à ń bọ̀ wálé.

Nílé báyìí, a ti fi àga wọn síbi tí wọ́n á ti máa rí ojú gbogbo wa. Lánàá, mo ní, "Bàbá, ẹ̀fọ́ ni a óò sè." Wọ́n wo ẹnu mi dáadáa, wọ́n rí i tí eyín kan ètè. Wọ́n ní, "Ẹ̀fọ́. Fi irú sí i."

Wọ́n ti gba ìdíwọ̀n etí wọn láti fi ṣe ike. Ìbéèrè tó kù mí kù ni pé owó ẹ̀rọ kan ju èrè oṣù mẹ́ta mi lọ. Ẹ̀gbọ́n mi lè san ti ẹyọ kan báyìí. Ṣé kí a fi sí etí kan ná, àbí ká dúró títí yóò fi di méjì?

Awọntí Ìlọrin

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹ sọ fún bàbá pé wọn ò dá nìkan wà, ènìyàn tó ju mílíọ̀nù 430 ló nílò ìtọ́jú nítorí etí wọn lágbàáyé.

Bí agbára bá ká a, méjì ló dára. Méjì ló ń jẹ́ ká mọ ibi tí ìró ti ń bọ̀, bí ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́yìn, òun náà ló sì ń ranni lọ́wọ́ níbi tí èrò bá pọ̀ sí. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan, kí ọpọlọ má máa gbàgbé sí i. Etí méjèèjì jọra lórí ìwé, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n dán èyí tó ń mọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ jù wò, kì í ṣe ìró lásán. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, kí ẹ tó kúrò nínú yàrá yẹn, ẹ dúró sẹ́yìn bàbá, ẹ fi ìwé bo ẹnu, ẹ máa pè é lọ́kọ̀ọ̀kan: ẹ̀fọ́, ẹ̀kọ́, ọ̀sẹ̀, ọ̀tẹ̀. Kí wọ́n máa wí i tẹ̀ lé yín. Bó bá ṣì ń lọ́ pọ̀, ẹ má tíì kúrò, kí wọ́n tún un tò.

Ẹlẹ́lùbọ́ Ọ̀jọ́ọ̀

Mo ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sẹ́yìn káàdì wọn. Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni. Màmá mi ní àwọn ló máa pè é.